Ta Ló Ń Mí Nínú Wáyà?

"Ìwọ tó ń mí yẹn, mo ti gbọ́ ẹ! Mo ní mo ti gbọ́ ẹ! Bó o bá jẹ́ ènìyàn, dá mi lóhùn. Bó ò bá sì í ṣe ènìyàn, èmi àti ìwọ la jọ máa wọ̀yá ìjà lónìí!"

Alhájà Nùsírátù ló dúró láàárín pálọ̀ yìí. Ó fi ọwọ́ kan di fóònù mú, ó fi ọwọ́ kejì gbá ìbàdí mú bí ẹni tó fẹ́ wọ ìjàkadì. Obìnrin aláṣọ tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ láti Alákijà ti já fóònù sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ó rò pé òun ni wọ́n ń bá wí.

"Alhájì! Ẹ sáré wá! Ó tún ń mí o!"

Alhájì Owólabí sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó gba fóònù, ó gbé e sétí, ó wo òkè àjà, ó wo ilẹ̀, ó wá mi orí bí dókítà tó fẹ́ sọ ohun tí kò dára.

"Wọ́n ń gbọ́ wa," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ta ni wọ́n?"

"Àwọn náà ni."

"Àwọn wo?"

"Bí mo bá mọ̀ wọ́n, ṣé màá máa pè wọ́n ní àwọn ni?"

Nínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, Fareedah, ọmọbìnrin wọn tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, rọra gbé fóònù kan padà sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó da síkẹ́ẹ̀tì iléèwé lé e lórí. Ó wá ki ìrọ̀rí bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà bú jáde.

Òun ló ń mí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rò.

Lọ́dún 2002 tí à ń wí yìí, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Fẹ́sítáàkì ni. Ẹni tó bá ní ín a máa fi í sétí lójú títì, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó pè é. Alhájì Owólabí kò fẹ́ rí i sójú. Ọmọ onílẹ̀ ni ní Kuje lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fẹ́sítáàkì, ilẹ̀ ló ń tà, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ tó bá ń fò lójú òfuurufú láìní wáyà, ẹyẹ pàápàá lè gbọ́ ọ. Tẹlifóònù orí tábìlì ló fọkàn tán. Kódà, kò fọkàn tán ìyẹn náà. Ó ní kí káfíńtà kan àpótí pákó fún un, ó fi àgádágodo tì í, ó fi kọ́kọ́rọ́ há okùn ṣòkòtò. Apá tí wọ́n ń gbé sétí nìkan ló yọ jáde. Ẹ lè gba ìpè nílé Alhájì, ṣùgbọ́n ẹ ò lè pe ẹnikẹ́ni, àfi bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ pe Alhájì.

Ènìyàn tó ń fura ni Alhájì. Bí adìyẹ bá kọ lẹ́ẹ̀mejì, ó máa bèèrè ẹni tó rán an. Bí ẹni tó ń ta búrẹ́dì bá kí i pẹ̀lú ẹ̀rín, kò ní í jẹ búrẹ́dì náà.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí fóònù ń dún ṣẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ bí epo àkàrà, Alhájì ránṣẹ́ pe Bùsàrí oníwáyà. Ẹnu ọ̀nà Kúlóòsì wọn, òpópónà kékeré tí wọ́n ń gbé, ni ṣọ́ọ̀bù Bùsàrí wà. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù a máa fa wáyà dé ara ògiri ìta. Láti ibẹ̀ wọlé, Bùsàrí ni. Kò sí yàrá tí kò tíì wọ̀ ní àdúgbò náà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ. Ó máa ń pariwo pé òun ni òun fa gbogbo wáyà Fẹ́sítáàkì nígbà àjọ̀dún tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ìlú náà, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ fi hàn gbangba pé ọmú ló ń mu lọ́dún náà.

Bùsàrí yọ wáyà àtijọ́, ó fa tuntun. Ó wá ku etí wáyà kékeré kan lára ògiri yàrá Fareedah, níbi tí fóònù wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí pálọ̀.

"Àbúrò, má fọwọ́ kan eléyìí o," ló wí. "Mo ṣì ń bọ̀ wá dí i."

"Ó ti yé mi, Bọ̀dá Bùsàrí."

Ó yé e lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó yé Dammy náà. Ọ̀rẹ́ Fareedah ni Dammy, wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

"Wò ó, ìwọ ọmọ yìí," Dammy wí nígbà tó rí etí wáyà náà, "ẹni tó máa wọ yunifásítì lọ́dún tó ń bọ̀, pálọ̀ ló ti ń gba ìpè, tí ìyá ẹ̀ jókòó tì í bí wọ́dà! Ojú ò tì ẹ́? Ẹ̀gbọ́n mi ti ra alágbèéká, fóònù rẹ̀ àtijọ́ wà nílẹ̀ lásán. Mo máa gbé e wá."

"Bí Bàbá mi bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ta ló máa sọ fún wọn? Ṣé wáyà lẹ́nu ni?"

Bí wọ́n ṣe bó ara wáyà nìyẹn, tí wọ́n lọ́ ọ pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, fóònù pálọ̀ kú fin-ín-fin-ín, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà kejì, ohùn jáde. Dammy pa agogo ara fóònù náà kí ó má baà dún, wọ́n gbé e bọ apẹ̀rẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé bí Dammy bá fẹ́ pè, ó máa jẹ́ kí ó dún lẹ́ẹ̀kan, á gé e, á tún pè, kí Fareedah lè tètè gbé e kí ẹlòmíràn tó dé ìdí tirẹ̀ ní pálọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò WAEC ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà létí ènìyàn, etí á gbọ́ ọ. Kò pẹ́ tí gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ fi dùn mọ́ Fareedah ju ẹran lọ. Ó gbọ́ ẹni tó fẹ́ lé ìyàwó. Ó gbọ́ ẹni tó ń sá fún ọkọ. Ìwé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, òun fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé, Àǹtí Àjíkẹ́ pè. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni, ó ń ta kọ́tìnnì, ó sì ti pẹ́ gan-an nílé Akíntúndé ọkọ rẹ̀ láìtíì gbọ́ igbe ọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó."

"Ẹ ò tíì jókòó. Mo gbọ́ ìró bàtà yín."

"Áà! Ó dáa, mo jókòó báyìí. Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi… ó ti dúró."

"Kí ló dúró? Mọ́tò yín ni?"

"Oyún ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Oyún ni o."

Alhájà Nùsírátù fi gbogbo ọwọ́ bo ẹnu. Kò sí igbe, kò sí ariwo, omijé nìkan ló ń ṣàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ tẹnu yín jáde," Àǹtí Àjíkẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Èmi, Akíntúndé àti ẹ̀yin nìkan la mọ̀. A ò tíì sọ fún ìyá Akíntúndé pàápàá. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í polówó oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tó bá dàgbà díẹ̀, Akíntúndé fúnra rẹ̀ á lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, á sì sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀."

Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Fareedah ti sé èémí pátápátá. Ìyá rẹ̀ kò mí sínú fóònù, ọwọ́ ló fi bo ẹnu. Àǹtí Àjíkẹ́ dákẹ́, ó ń retí èsì. Láìnì dákẹ́ rọ́rọ́.

"Hẹẹẹ… hẹẹẹ…"

Irun orí Fareedah dìde. Òun kọ́! Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kan imú ara rẹ̀, imú wà ní dídì. Síbẹ̀, nǹkan ń mí.

"Hẹẹẹ…"

Ó ju fóònù sínú apẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó gbé ejò. Gbogbo ẹ̀rín tó ti ń fi ìyá rẹ̀ rín wá di òógùn sí i lára.

Ẹ̀rù yẹn ìbá ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dídùn a máa yún ènìyàn lẹ́nu ju ata lọ. Lọ́jọ́ kejì ní iléèwé, ó fa Dammy lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

"Èmi? Àpótí onírin ni mí!"

Ó sọ ọ́ fún un. Dammy sì sọ ọ́ fún ẹnì kan péré: ìyá rẹ̀. Ìyá Dammy, onídìrí ní Alákijà, kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, àfi orí tó bá ń dì lọ́wọ́.

Ní Sátidé, Àǹtí Àjíkẹ́ já wọlé láì bọ́ bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe yín?"

"Àjíkẹ́, rọra…"

"Ẹ má ní kí n rọra! Obìnrin tí n ò mọ̀ rí wọ ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, ó fọwọ́ pa mí nínú, ó ní ìbejì ni! Ẹni tó ń lọ ata ti kí ìyá Akíntúndé kú oríire ní Satellite Town! Ìyá ọkọ mi ò gbé fóònù wa mọ́. Wọ́n ní ṣé àwọn ò jámọ́ nǹkan lójú wa ni, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹni tó ń lọ ata ni àwọn wà. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin nìkan!"

"Mo fi Àlùkùránì búra…"

"Ta ló wá sọ ọ́? Ṣé oyún náà ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ ni?"

Fareedah wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún fà sẹ́yìn. Lójú ẹ̀, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọn kò tíì jà rí kọ ẹ̀yìn síra wọn.

Ìgbà náà ni Alhájì gbé ọwọ́ sókè bí amòfin.

"Wáyà!" ló kígbe. "Mo ti ń wí i! Wọ́n ń gbọ́ wa! Ẹ pe Bùsàrí wá!"

Bùsàrí dé tòun ti báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kí gbogbo ilé.

"Bùsàrí," ni Alhájì wí, "ta lo so mọ́ wáyà mi?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Bùsàrí. Ó wo Alhájì. Alhájì wo òkè àjà.

"Alhájì… ẹ̀yin lẹ ń bi mí?"

"Èmi ni mò ń bi ẹ́!"

"Ẹ̀yin fúnra yín? Alhájì Owólabí?"

"Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni? Ìròyìn jáde nínú ilé mi. Ìwọ nìkan ló mọ bí wáyà mi ṣe rìn. Ta lò ń jẹ́ kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ wa?"

Bùsàrí tó lè bá adìyẹ sọ̀rọ̀ títí adìyẹ á fi sùn lọ, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó tún wo Alhájì. Ó ní, "N kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dídákẹ́ tó dákẹ́ yìí ló wá jẹ́ kí ó dà bí olè lójú gbogbo wọn. Àní, Fareedah tó mọ òótọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i: ó ṣe tán, ẹnì kan ń mí nínú wáyà tí kì í ṣe òun.

Alhájì gba báàgì irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Lọ́la lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn onílé gbogbo á pé síbí. Bí o kò bá ní àlàyé, kò sí géètì kan ní Fẹ́sítáàkì tí wọ́n máa ṣí fún ọ mọ́."

Ìdájọ́ ikú nìyẹn fún oníwáyà. Inú yàrá oníyàrá ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí aṣọ. Ẹni tí wọn kò bá fẹ́ kí ó wọlé mọ́, kí ló fẹ́ fi wáyà ṣe? Ṣé ó máa fi sá aṣọ ni?

Fareedah sáré lọ bá Dammy.

"Mo máa jẹ́wọ́."

"Orí ẹ pé ṣá? Ìdánwò kù fẹ́ẹ́fẹ́, o fẹ́ kí Bàbá ẹ lé ẹ kúrò nílé? Dákẹ́. Bùsàrí á wá iṣẹ́ mìíràn."

"Èwo ló fẹ́ wá? Gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní olófòófó."

"Ṣé ìwọ lo pè é bẹ́ẹ̀? Ṣáà ti dákẹ́. Mo máa pè ẹ́ lọ́la kí n gbọ́ bó ṣe lọ."

Fareedah dákẹ́ lóòótọ́. Ó dákẹ́ nídìí oúnjẹ, ó dákẹ́ nídìí ìwé. Bó ti ń dákẹ́ ni ó ń rí Bùsàrí lójú ẹ̀, tó dúró láìsí báàgì léjìká, bí ẹni tí wọ́n gé lápá.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn onílé tò sórí àga rọ́bà ní abẹ́ òrùlé tí Alhájì ń gbé mọ́tò sí, lábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀ gan-an. Alága wọn ni Bàbá Ọlábánjí, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò lè mu omi láì tẹ̀ lé ìlànà. Àǹtí Àjíkẹ́ jókòó sọ́tùn-ún, ìyá Fareedah jókòó sósì, afẹ́fẹ́ nìkan ló wà láàárín wọn. Alhájì jáde kẹ́yìn, nínú agbádá funfun ńlá kan tí kò tíì wọ̀ láti ọjọ́ ọdún Iléyá. Agbádá náà gbòòrò débi pé ó kọ́kọ́ dé kí Alhájì tó dé.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," Alhájì bẹ̀rẹ̀, ó ń ká apá agbádá, "ẹni tó bá ń jí owó, ẹ lè gbà á padà. Ẹni tó ń jí ọ̀rọ̀ gbọ́ ńkọ́? Ta ló lè gba ọ̀rọ̀ padà? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ẹranko ni!"

"Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ìlànà," ni Bàbá Ọlábánjí wí. "Bùsàrí, kí lo ní í sọ?"

"Bàbá, ohun tí mo bá rí nílé onílé, ilé náà ni mò ń fi í sí."

"Ìyẹn kì í ṣe àlàyé."

"Òun náà ni mo ní, sà."

Kùn-ún-kùn-ún gba gbogbo ibẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹlòmíràn ní kí ó kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún kó tó di ọ̀la. Fareedah ló ń pín omi. Nígbà tó dé iwájú Bùsàrí, ọ̀dọ́kùnrin náà na ọwọ́ gba ife, ó ní, "O ṣé, àbúrò." Fareedah gbé àwo omi kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, kì í ṣe Bọ̀dá Bùsàrí. Èmi ni. Mo so fóònù mọ́ wáyà ní yàrá mi. Èmi ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Àǹtí mi, èmi náà ni mo sọ ọ́ síta."

Fareedah di ojú, ó ń retí ìgbájú.

Ẹ̀rín ló gbọ́.

"Ẹ wò ó!" Alhájì bú sẹ́rìn-ín, ó ń tọ́ka sí Bùsàrí. "Ẹ rí i bó ṣe burú tó? Ó ti lọ bẹ ọmọ mi kí ó bá a ru ẹrù! Ọmọ tí mo bí nínú ara mi, òun lè so wáyà? Iná àbẹ́là gan-an ń bà á lẹ́rù!"

"Ọmọ, ta ló rán ọ?" ni Bàbá Ọlábánjí bèèrè.

Ẹ gbọ́ mi o: ọmọ jẹ́wọ́ tán, wọ́n ní irọ́ ló ń pa! Fareedah fò dìde, ó sá wọ yàrá, ó já fóònù kúrò lára ògiri, ó gbé e jáde tòun ti ìrù wáyà tó ń wọ́ nílẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ sí iwájú wọn.

Alhájì la ẹnu. Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, fóònù dún ní pálọ̀. Gbirin-gbirin-gbirin!

Fóònù Fareedah tó wà nílẹ̀ dákẹ́ ní tirẹ̀, agogo rẹ̀ ti kú tẹ́lẹ̀, kò sì sí lára wáyà mọ́. Ṣùgbọ́n lókè orí wọn, láti fèrèsé yàrá Alhájì, nǹkan mìíràn dáhùn: kirin-kirin-kirin!

Gbogbo ènìyàn gbé ojú sókè. Ikọ́ mú Alhájì.

Ìró méjèèjì gé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Alhájà Nùsírátù ti dé ìdí fóònù pálọ̀, ó gbé e. Kó tó sọ pé "hẹlóò", ohùn kan ti ya jáde débi pé àwọn ará ìta gbọ́ ọ lójú fèrèsé:

"Fareedah! Ṣó o ò tíì jẹ́wọ́? Má jẹ́wọ́ o! Gbé fóònù yẹn jù sínú kòtò! Ìyá mi ní òun ò mọ ẹnikẹ́ni tó lóyún mọ́!"

"Ó dáa, Dammy," ni Alhájà Nùsírátù dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Bá mi kí ìyá ẹ."

Ohùn náà kú bí àbẹ́là inú ìjì.

Alhájà gbé fóònù kalẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó gun òkè lọ. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù. Nígbà tó yọjú lójú fèrèsé, fóònù pupa kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Alhájì! Nínú àyè tí agbádá yín fi sílẹ̀ ni mo ti bá eléyìí. Òun lẹ fi ń wé e kí agogo ẹ̀ má baà dún sétí wa, àbí?"

Gbogbo àwọn onílé yí ojú sí agbádá funfun náà. Alhájì wo ara rẹ̀ nínú agbádá bí ẹni tí aṣọ ara rẹ̀ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

"Mo… mo gbé e síbẹ̀ láti fi mọ ẹni tó ń mí nínú wáyà ni!"

"Kẹ́ ẹ tó gbé e síbẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ bèèrè láti òkè, "ta ló ń mí?"

Alhájì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá agbádá. Bàbá Ọlábánjí wá ìlànà tó bá èyí mu, kò rí.

"Bùsàrí," ni Àǹtí Àjíkẹ́ wí, ó yí sí oníwáyà náà, "ìwọ lo bá wọn fi í síbẹ̀. O mọ̀. Kí ló dé tó ò sọ, tí wọ́n fi fẹ́ bà ọ́ lórúkọ jẹ́?"

Bùsàrí gbé orí sókè.

"Àǹtí, Alhájì ní kí n má sọ ọ́. Mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n mo ti gbà á. Bí mo bá tú àṣírí ilé kan láti fi gba ara mi là, ta ni nínú yín tó máa tún ṣílẹ̀kùn yàrá fún mi? Mo rò pé wọ́n á fẹnu ara wọn sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Alhájì lákínyẹmí ara. Òun ló ń pariwo jù, òun náà ló ní ohun tó ń pa mọ́ jù. Lóòótọ́, òun kọ́ ló sọ ọ̀rọ̀ oyún síta, ìdí nìyẹn tó fi gbà pé Bùsàrí ni. Ṣùgbọ́n kí ó má baà jẹ́wọ́ fóònù pupa, ó gbà kí ọmọ ọlọ́mọ ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó gbé báàgì irinṣẹ́ lọ́wọ́ méjèèjì, ó fà á lé Bùsàrí lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn.

"Bùsàrí, mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú."

Bùsàrí gbé báàgì kọ́ èjìká. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹnu rẹ̀ là padà. Kí wọ́n tó pín omi tán, ó ti ń sọ fún àwọn onílé bí òun ṣe fa wáyà Fẹ́sítáàkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Alhájà ti sọ̀ kalẹ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ ti gbá ara wọn mú, wọ́n ń sunkún. Fareedah rò pé ó ti tán. Àǹtí Àjíkẹ́ nu ojú, ó sì na ìka sí i.

"Ìwọ, wọ bàtà. À ń lọ sí Satellite Town."

Akíntúndé, tó ti wá gbé ìyàwó rẹ̀, ló wa mọ́tò. Nígbà tí wọ́n dé, ìyá Akíntúndé wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbé ojú sókè. Fareedah kúnlẹ̀, ó ro gbogbo ẹjọ́ láìfi ọ̀kan pamọ́: apẹ̀rẹ̀, wáyà, Dammy, oyún.

Màmá gbé àwo ẹ̀wà kalẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o rò pé o sọ ohun tí n kò mọ̀? Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti ń sá fún òórùn ẹja níbí ni mo ti mọ̀. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Ta ló fẹ́ fi oyún pamọ́ fún mi?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Fareedah. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Màmá gbé ọwọ́ sókè.

"Má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀, mo sì ń dúró. Mò ń dúró de ọjọ́ tí Akíntúndé máa wọlé síbí, tó máa dọ̀bálẹ̀, tó máa ní, 'Màmá mi, Ọlọ́run ti dá wa lóhùn.' Mo ti mọ bí mo ṣe máa kígbe. Mo ti mọ orin tí mo máa kọ. Ẹni tó ń lọ ata ló wá sọ ọ́ fún mi, tó ń fi apá nu ata kúrò lójú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ lo jí, ọmọ mi. Ọjọ́ yẹn lo jí lọ́wọ́ mi."

Akíntúndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, ó ní, "Màmá mi, Ọlọ́run ti dá wa lóhùn." Màmá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, ó sì kọ orin náà. Ó kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò kígbe.

Orin yẹn ni Fareedah ń gbọ́ létí títí wọ́n fi padà dé Fẹ́sítáàkì, ó sì sunkún ju bí wọ́n bá fi ẹgba nà án lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹni tó ni ín ló ni ọjọ́ tí yóò sọ ọ́, òun náà ló ni ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ tàn yín débi tí ẹ ó ti máa fetí jí ohun tí ẹ kò lè dá padà. Bí ẹ bá sì ti ṣì í ṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, ìbáà jẹ́ ọmọdé, ìbáà jẹ́ àgbà, nítorí ẹni tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, òun náà ń bá wọn dá a lẹ́bi ni.